Fa Kọ́púlà Náà Wò Kí O Tó Gbà Á Gbọ́

Ìgbó-Ọrà,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àjọkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá o ń jẹun dáadáa ní Lánlátẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù mi. Mo ti béèrè o. Kó má sọ pé n kò jíṣẹ́.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé sí ọ nígbà tí fóònù wà. Mo mọ ohun tí fóònù máa fún mi. Màá sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, wàá ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá mi, mo ti gbọ́," ẹnìkan á pè ọ́ láti ẹ̀yìn, wàá sì pa fóònù. Ìwé kò ṣeé pa bẹ́ẹ̀. Jókòó, kà á tán. Bàbá Ìdèrè tó mú un wá fún ọ kò kánjú. Mo ti bá a sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́púlà yẹn ni.

Nígbà tí o wá kí wa lọ́jọ́ Ìsinmi, inú wa dùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ́ ṣe ọ̀gá wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù ní ilé iṣẹ́ tí ń lọ ẹ̀gẹ́, o sì sọ fún wa pé kò tíì sí obìnrin tó jókòó sórí àga yẹn rí. Mo ń wò ọ́ bí o ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń rí ara mi nígbà tí mo kéré sí ọ lọ́jọ́ orí, tí mo rò pé mo ti mọ gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn náà ni o tọwọ́ bọ báàgì, o mú irin kékeré kan tí a fi ń so họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ mọ́ irinṣẹ́ jáde, ó ń dán bíi wúrà, o gbé e lé mi lọ́wọ́.

"Bàbá mi, ẹ wo èyí. Kọ́púlà yunifásà ni. Irinṣẹ́ tó wù kó jẹ́, ẹnu rẹ̀ máa wọ inú èyí. Wàhálà pé irinṣẹ́ yìí ò bá họ́ọ̀sì yẹn mu ti parí."

"Ta ló rà á?"

"Máníjà wa ni. Páálí kan gbáko."

"Ta ló ní kó rà á?"

O rẹ́rìn-ín. "Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà dáa, Bàbá mi. Ó fẹ́ fi ràn mí lọ́wọ́ ni."

"Mi ò sọ pé kò dáa."

Ìyá rẹ, tó máa ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ pè mí, pariwo láti ilé ìdáná: "Bàbá Mojí, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun! Ẹni tó bá ṣe yín lóore, àfi kó mú ẹlẹ́rìí méjì dání!"

Ẹ̀yin méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín títí. N kò bínú. Ṣùgbọ́n o sọ ohun kan kí o tó lọ tí kò jẹ́ kí n gbádùn láti ìgbà náà. O ní lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, ẹ ó gé gbogbo ẹnu họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ tó wà nínú ilé iṣẹ́ yín, ẹ ó sì fi abágbogbomu yìí rọ́pò wọn. O ní Sákírù, ẹni tó máa ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́, ni yóò kọ́kọ́ lò ó láti fi fẹ́ ìyẹ̀fun kúrò lábẹ́ ẹ̀rọ. Abẹ́ ẹ̀rọ kọ́ ni ibi tí èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ojú rẹ̀ á súnmọ́ họ́ọ̀sì?

O fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi kí n máa fi ṣeré. Mo fi ṣeré lóòótọ́. Jẹ́ kí n sọ bí eré náà ṣe lọ.

Mo ní agolo mílíìkì kan tí mo kó àwọn akọ àtijọ́ sí. Akọ, gẹ́gẹ́ bí àwa oníṣẹ́ ṣe ń pè é, ni ẹnu tí ń wọlé. Abo ni kọ́púlà tí ń gbà á. Oríṣi mẹ́ta ló wà nínú agolo mi. Bí èèyàn kò bá fara balẹ̀, yóò rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọ̀kan ní ọrùn gígùn, ọ̀kan ní ọrùn kúkúrú, ọrùn ẹ̀kẹta sì tín-ín-rín díẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé inú abo ni àwọn bọ́ọ̀lù irin wínníwínní wà, tí wọ́n ń bọ́ sínú kòtò ọrùn akọ láti dì í mú. Bí kòtò kò bá sí níbi tí bọ́ọ̀lù ń wá a sí, bọ́ọ̀lù á kàn fara ti irin lásán. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn pa ilẹ̀kùn dé tí kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Mo so abo rẹ mọ́ kọmpurẹ́sọ̀ kékeré tí mo fi ń fún táyà àwọn ọlọ́kadà ládùúgbò. Mo fi họ́ọ̀sì kúkúrú tí mo dí nídìí sẹ́yìn akọ kọ̀ọ̀kan. Akọ kìíní wọlé, ó ké kọ́. Mo fà á, kò mì. Ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà. Mo ti fẹ́ máa dá ara mi lẹ́bi pé àgbàlagbà kan ń bá irin aláìṣẹ̀ jà. Mo ti ẹ̀kẹta bọ̀ ọ́. Ó ké kọ́ bíi tàwọn yòókù. Mo da omi ọṣẹ sí i, kò hó. Mo gbé etí sún mọ́ ọn, kò sọ nǹkan kan. Mo wá fẹsẹ̀ tẹ họ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, mo di ìdí akọ mú, mo fà á.

Gbàù! Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, họ́ọ̀sì kúkúrú tí akọ wà lẹ́nu rẹ̀ fò lọ, ó gbá ẹsẹ̀ àga tí ìyá rẹ jókòó lé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀wà fọ́n ká gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá rẹ ní, "Ẹ kúkú pa mí, kí ẹ lè rí i sọ pé máníjà kò dáa!"

Mo bá a ṣa ẹ̀wà náà. Kì í ṣe ariwo yẹn ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé kọ́púlà yẹn kò fún mi ní àmì kankan kó tó já. Bó bá ń jò, màá ti mọ̀. Ó dákẹ́ ni, bí ẹni tó dì í mú dáadáa.

Wàyí o, Àjọkẹ́, o mọ ojú òsì Bàbá Ìdèrè. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń sá sẹ́yìn ìyá rẹ tó bá wọlé wa. Ohun tí wọ́n sọ fún ẹ̀yin ọmọ, tí gbogbo ará Èrúwà àti Ìdèrè náà gbà, ni pé Ògún ló gba ojú yẹn. Èmi náà ń jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ògúndélé ni orúkọ rẹ̀. Àwa méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù kan ní Èrúwà, a jọ ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí mi. Nítorí pé n kò lè ṣe nǹkan kan láìṣàlàyé rẹ̀, wọ́n sọ mí ní Tísà. Ọ̀gá wa ra kọmpurẹ́sọ̀ tuntun, họ́ọ̀sì rẹ̀ kò sì gùn tó. A fẹ́ so họ́ọ̀sì àtijọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n akọ ti àtijọ́ kò bá abo ti tuntun mu. Ó wọlé, àmọ́ ó ń jò, ó ń ṣe ṣìììì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀gá kò fẹ́ràn ariwo yẹn rárá. "Tísà," ni ó máa ń wí, "epo mi lò ń gbọ́ yẹn. Epo mi ló ń lọ."

Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe nígbà náà, tí mo sì rí i pé wọ́n ṣì ń ṣe káàkiri Ìbàràpá títí di òní, ni pé a máa gé tíúbù táyà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi wé ojú ìsopọ̀ náà gírígírí títí ariwo á fi dáwọ́ dúró. Bí ó bá ti dákẹ́, a gbà pé ó ti dára. Èmi tí mo ti ya àwòrán akọ àti abo nínú kíláàsì, tí mo mọ iṣẹ́ àwọn bọ́ọ̀lù yẹn, mo fi tíúbù wé e. Mo tilẹ̀ gbọ́wọ́ lé e pẹ̀lú ìyangàn. Ọ̀gá ní, "Ìwé wúlò o!"

A ti pa kọmpurẹ́sọ̀ nígbà tí Ògúndélé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé táyà kan. Ìsopọ̀ náà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò jò, kò pariwo, ó kàn já. Akọ yẹn ló lọ bá ojú rẹ̀.

Ọ̀gá wa jẹ́ ẹni tí ń bọ Ògún tọkàntọkàn, ọkùnrin rere sì ni. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé òun kò bọ Ògún kí òun tó gbé irin tuntun wọlé. Àwọn ará ilé Ògúndélé, ìdílé ọdẹ ní Ìdèrè, gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ajá, wọ́n wá epo, wọ́n wá tu Ògún lójú. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́, dúró láàárín wọn lọ́jọ́ náà, mo ń mi orí. Wọ́n ń bẹ Ògún kó dárí jì wọ́n. Ògún kò so kọ́púlà yẹn. Èmi ni mo so ó.

Ohun tó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìwà tí mo wá ń hù lẹ́yìn náà. Lọ́dọọdún, nígbà iṣu tuntun, ìyá Ògúndélé máa ń fi iṣu ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ọ̀rẹ́ ọmọ òun ni mí. Mo wo iṣu náà, mo ní, kí ló ń wá? Ṣé ó ti mọ̀ ni? Kí ni wọ́n fi sí i? Mo ń gbà á pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ àti ẹ̀rín, mo sì ń gbé e fún ewúrẹ́. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ ká mi mọ́ ọn. Ó dúró lójú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Bàbá Mojí, ewúrẹ́ wa ló ń jẹ iṣu tó dáa jù ní Ìgbó-Ọrà." Ó ṣe díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí òun náà, pé kí ló ń wá lẹ́yìnkùlé.

Nígbà tí a sin ìyá Ògúndélé ní Ìdèrè ni mo tó lanu sọ̀rọ̀. Mo pè é sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Ògúndélé, kọ́púlà ọjọ́ yẹn…"

Ó ní, "Tísà, mo mọ̀. Ta ló gé tíúbù fún ọ? O ní kí n gé e tẹ́ẹ́rẹ́, mo gé e tẹ́ẹ́rẹ́."

"Kí ló wá dé tí o kò sọ?"

"Mo ń dúró de ìwọ ni. Ìwọ lo máa ń ṣàlàyé nǹkan."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀, tèmi ti aṣọ funfun tí mo wọ̀ wá síbi òkú. Mo tún jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ iṣu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀ kan. Ó ní, "Màmá mọ̀ o. Wọ́n ní kí àwa máa fi ránṣẹ́, pé bóyá lọ́jọ́ kan ewúrẹ́ á bá ọ sọ bó ṣe dùn tó." Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ le. "Tísà, ìwọ yìí, irin tó yẹ kí o fura sí, o fi rọ́bà wé e. Ìyá àgbà tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, òun lo wá ń fura sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbé kiri láti ìgbà náà. Òun ni mo sì fẹ́ kí ó ṣe ọ́ láǹfààní, nítorí èmi ti pẹ́ jù kí ó tó yé mi.

Èkíní, ọmọ mi, má gba ìró "kọ́" yẹn gbọ́. Irọ́ lè ké kọ́. Gbogbo akọ tó wà nínú wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù rẹ, kó wọn jọ, kí o sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nínú abágbogbomu yẹn. Tú afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀, fẹsẹ̀ tẹ họ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, kọ ẹnu rẹ̀ sí ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú rẹ̀, fi awò bo ojú rẹ, kí o tó fà á. Èyí tó bá já, àní lẹ́ẹ̀kan péré, kò gbọdọ̀ wọ iṣẹ́. N kò sọ pé gbogbo abágbogbomu ló burú. Èyí tó dára wà, mo ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ pé òun bá gbogbo ayé mu, kó fi hàn mí níkọ̀ọ̀kan.

Èkejì, ibi tó bá ń jò, jẹ́ kó jò kí o lè gbọ́ ọ. Pa afẹ́fẹ́, tú u, wá ohun tó ń ṣe é. Tíúbù táyà kò gbọdọ̀ kan ojú ìsopọ̀ kankan níbi tí o bá ti jẹ́ ọ̀gá. Bí o bá rí i tí wọ́n wé e, má bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ ẹni tó wé e. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tí ariwo yẹn ń bí nínú. Nígbà púpọ̀, ọ̀gá ni. Má ṣe jẹ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ì bá dára jù lọ ni kí ẹ mú oríṣi akọ kan ṣoṣo, kí gbogbo irinṣẹ́ yín lò ó. Àwọn yòókù, má kó wọn sínú dúrọ́ọ̀. Ẹni tó ń kánjú máa ṣí dúrọ́ọ̀. Kó wọn jáde kúrò nínú ọgbà pátápátá.

Kí wọ́n máa pa afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, kí wọ́n sì tú èyí tó kù nínú họ́ọ̀sì dànù, nítorí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù sínú họ́ọ̀sì náà ló gba ojú Ògúndélé. Kí wọ́n di akọ mú ṣinṣin tí wọ́n bá ń yọ ọ́. Níbi tí họ́ọ̀sì méjì bá ti so pọ̀, fi ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan so wọ́n pọ̀ kọjá ojú ìsopọ̀ náà, kó má lè fò bó bá já. Irinṣẹ́ tó máa ń gbọ̀n lọ́wọ́, bí èyí tí ń tú nọ́ọ̀tì, má ṣe jẹ́ kí kọ́púlà wà lára rẹ̀ gan-an. Fi họ́ọ̀sì kúkúrú sáàárín wọn. Gbígbọ̀n yẹn máa ń jẹ ọrùn akọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ojú rí i. N kò mọ ibi tí mo ka iye dé mọ́. Ìwọ kà á.

Ti máníjà yín ńkọ́? Òótọ́ ni ìyá rẹ sọ nípa mi. Bí mo ṣe gbọ́ pé ó ra páálí kan láì bi ọ́ léèrè, ọkàn mi ti lọ sí ibi tí kò dáa. Mo ti rò pé ayédèrú ni, pé ó fẹ́ kí nǹkan bàjẹ́ lábẹ́ rẹ kí wọ́n lè sọ pé obìnrin ò lè ṣe é. Mo wá rántí ewúrẹ́. N kò mọ ọkùnrin náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó gbọ́ pé ó dára ni, ó sì rà á. Nítorí náà má lọ bá a pẹ̀lú ẹjọ́. Pè é wá sí wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo nǹkan kan," kí o sì fà á níṣojú rẹ̀. Bó bá jẹ́ èèyàn rere, àyà rẹ̀ á já bíi tèmi. Bó bá sì sọ pé kẹ́ ẹ ṣáà máa lò ó bẹ́ẹ̀, nígbà náà, ọmọ mi, o ti mọ ibi tí o wà. Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù pé wọ́n á ní obìnrin ló ń bẹ̀rù mú ọ lò ó lọ́jọ́ Ajé láìdán an wò. Ìyangàn ló ṣe mí ní tèmi. Ẹ̀rù lè ṣe ọ́ ní tìrẹ. Ojú kan náà ló máa ń fọ́.

Kí o sì fura sí èmi náà. Mo ti dàgbà, kọmpurẹ́sọ̀ mi kéré, ó sì ṣeé ṣe kí akọ tó já yẹn ti jẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Bóyá irin mi ló burú, tí kọ́púlà yín sì dára. N kò ní lọ́kàn pé kí o gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ nítorí pé èmi ni bàbá rẹ. Dán an wò.

Mo fẹ́ fi ìwé yìí rán ọlọ́kadà. Ògúndélé ló kọ̀. Ó wá kí wa lánàá, ó sùn sọ́dọ̀ wa, mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ fún un, ó ní, "Kọ ọ́ wá, èmi ni màá gbé e lọ. Ọmọ náà lè ka ìwé rẹ kó sọ pé Bàbá òun ló tún ń fura. Jẹ́ kó máa wo ojú mi bó ṣe ń kà á."

Òun ló jókòó níwájú rẹ yẹn. Agolo mílíìkì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn akọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wà nínú rẹ̀. Bu omi fún un. Lẹ́yìn náà, mú un lọ sí wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù, pe Sákírù, kí Ògúndélé fà á fún yín. Apá ọ̀tún rẹ̀ ni kí o dúró sí. Bí o bá wà lápá òsì, kò ní rí ọ.

Iṣu tó wà nínú àpò rẹ̀, oko rẹ̀ ní Ìdèrè ló ti wà á, tìrẹ ni. Sè é, kí o sì jẹ ẹ́. A jẹ nínú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, èmi, òun àti ìyá rẹ. Ó dùn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ tó ń dúró de ìròyìn ọjọ́ Ajé.